Ọta Mẹ́rin fún Ẹfọ̀n Ọ̀fàdà

Ọ̀nà Ọ̀fàdà, Mowe,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, 2024.

Akóredé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Gúúsù Áfíríkà yẹn ti dẹwọ́, àbí o ṣì ń wọ súẹ́tà léra wọn? Èmi wà láàyè, mo dúpẹ́. Gbémiga àbúrò rẹ kí ọ. Ó ti fẹ́ gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì rẹ̀ ní Ibafo, irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi nínú ilé nítorí ìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù mi náà ń lọ. Àwọn ará Èkó ò yéé kọ́lé wá sí Mowe, ìṣó àti páànù ò sì yéé tà.

Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. O mọ bí ilé bàbá rẹ ṣe rí. Bí mo bá sín nínú yàrá mi, Ọmọ́níkẹ́ ìyàwó Ògúnlàdé á ti kí mi láti inú yàrá tirẹ̀. Fúnra mi ni mo kọ ọ́, fúnra mi ni màá fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, lẹ́yìn náà màá sun ún. Ìwọ náà, má fi ọ̀rọ̀ yìí pè mí o. Kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe kọ tèmi.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ògúnlàdé wá bá mi níwájú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni, Ògúnlàdé ni mo pè é. Mo mọ̀ pé àbúrò bàbá rẹ ni, pé ọkọ ló jẹ́ sí mi, pé wọ́n ti bí i kí n tó wọlé yín, àti pé kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ máa jáde lẹ́nu mi gbàgà bẹ́ẹ̀. Lójú rẹ̀, "ọkọ mi" ni mò ń pè é. Nínú ìwé tèmi, Ògúnlàdé ni.

Ó ní ẹfọ̀n tó pa bàbá rẹ ti padà sí àbàtà ẹ̀yìn oko ìrẹsì, àwọn àgbẹ̀ Ọ̀fàdà ti rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí àbàtà gbẹ, ẹgbẹ́ ọdẹ máa lọ gbẹ̀san lára rẹ̀. Ráífù bàbá rẹ wà níbẹ̀, ìyẹn tí bàbá wọn gbà lọ́wọ́ òyìnbó agégi láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọta tó ṣeé fọkàn tán fún un mọ́. Ó wá ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọta ẹfọ̀n ni iṣẹ́ rẹ lọ́dọ̀ òyìnbó, kí o bá wọn wá díẹ̀.

Gbẹ̀san! Díẹ̀ ló kù kí n tutọ́ sí i lójú.

O ò sí nílé nígbà tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nítorí náà jẹ́ kí n tún un sọ. Àwọn méjèèjì ló jọ wọ àbàtà yẹn. Bàbá rẹ fi ṣakabùlà rẹ̀ yìnbọn lu ẹfọ̀n náà, ó ṣe é léṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ògúnlàdé dúró sí pẹ̀lú ráífù, iṣẹ́ tirẹ̀ kò sì ju pé kó yìn ín bí ẹran bá kọjú sí wọn. Ẹran kọjú sí wọn. Ó fi ìwo gbé Lásúnkànmí ọkọ mi bí ẹni gbé ìdì koríko. Gbogbo abúlé ló gbọ́ ìró ìbọn kan, a ò gbọ́ èkejì. Wọ́n gbé bàbá rẹ wálé nínú aṣọ, Ògúnlàdé ń tẹ̀lé wọn, fìlà rẹ̀ ò tilẹ̀ yẹ̀ lórí. Ó ní ìbọn kọ̀. Ìbọn kọ̀, Akóredé!

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Bá a wá ọta náà, ṣùgbọ́n yọ ẹ̀tù inú rẹ̀. Jẹ́ kó dán bí ọta, jẹ́ kó wúwo bí ọta, kó má sì dún. Mo fẹ́ kí Ògúnlàdé dúró níwájú ẹfọ̀n yẹn, kó fa ìbọn, kí ìbọn kọ̀ fún un lóòótọ́, kó wá mọ ohun tí ojú bàbá rẹ rí kó tó kú. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mò ń bẹ̀ ọ́. Ìyá rẹ ni mí.

Èmi ni,
Wúlẹ̀mọ̀tù ìyá rẹ.


Limpopo, Gúúsù Áfíríkà,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, 2024.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Mo kí Gbémiga, mo kí irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ má bínú pé èsì mi pẹ́. Nínú oko ọdẹ tí mo wà, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, àfi bí a bá wọ ìlú lọ ra nǹkan ní Sátidé, kì í sì í ṣe gbogbo Sátidé. Orí àpò ìyẹ̀fun lẹ́yìn ọkọ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí mo ka ìwé yín. Mo kà á tán, mo tún un kà, mo wá gbé oúnjẹ tí mo rà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi fún yín, torí ó jọ pé ẹ rò pé ènìyàn ni wọ́n ń kọ́ mi láti pa. Àwọn olówó ló ń ti òkè òkun wá dọdẹ ẹfọ̀n níbí, èmi ni mo ń di ọta wọn. Idẹ kan ni, ó gùn ju ìka àárín mi lọ díẹ̀. Màá fọ̀ ọ́ mọ́, màá fi ìdí tuntun sí i, màá wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, màá wá fi orí rẹ̀ dé e. Oríṣi orí méjì ló wà. Ọ̀kan máa ń là nínú ẹran, ìyẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yìn. Èkejì le gbagidi, kì í là, egungun ló ń fọ́ kọjá, ìyẹn ni ti ìgbà tí ẹfọ̀n bá ti dojú kọ ènìyàn tó ń bọ̀. Bí ẹ̀tù tí mo wọ̀n kò bá pé, ẹnìkan lè kú. Ọ̀gá mi sọ ìyẹn fún mi lọ́jọ́ tí mo dé, mi ò sì gbàgbé rẹ̀ rí. Ohun tí ẹ wá ní kí n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nìyẹn.

Ìyá mi, Bàbá kékeré, ẹni tí ẹ pè ní Ògúnlàdé, ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́. Òun ló gbé mi sẹ́yìn lọ sí Ìfọ́ lọ́jọ́ tí ibà fẹ́ pa mí, ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọta tí wọ́n ní ó kọ̀ yẹn, ṣé ó ṣì wà? Ẹ ya fọ́tò ìdí rẹ̀ fún mi, kó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ má ṣe ohunkóhun títí ẹ ó fi gbọ́ tèmi.

Ọmọ yín,
Akóredé.


Mowe,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá, 2024.

Akóredé,

Mo rán ọ níṣẹ́, o fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí mi. O ṣé o, tíṣà.

Fọ́tò tí o béèrè nìyí. Inú agolo mílíìkì lórí pẹpẹ ni Ògúnlàdé tọ́jú ọta náà sí, bí ẹni tọ́jú wúrà. Gbémiga ló lọ gbà á wá, mo ní mo fẹ́ fi ṣe ìrántí bàbá rẹ. Ògúnlàdé tiẹ̀ sunkún nígbà tó fi lé e lọ́wọ́, Gbémiga ló sọ bẹ́ẹ̀. Kó máa sunkún lọ.

Ìwọ wo ìdí ọta, èmi ojú ènìyàn ni mò ń wò. Lọ́jọ́ fìdáù bàbá rẹ, Ògúnlàdé jẹun. Mo jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin, mo ń wò ó bó ṣe ń fa mùdùnmúdùn inú egungun mu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó fi kọ́ ọ, ta ló rà á? Ṣé òun ni?

Má jẹ́ kó pẹ́ kí n tó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ.

Ìyá rẹ.


Limpopo,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, 2024.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo rí fọ́tò náà, mo sì fi han ọ̀gá mi pẹ̀lú, láìsọ ohun tó fà á.

Ẹ mú ọta yẹn, kí ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. Ẹ máa rí nǹkan róbótó kan láàárín bíi bọ́tìnì. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ inú ìbọn máa ń gún bí ènìyàn bá fà á, tí iná á fi ran ẹ̀tù. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fa ìbọn, ojú ibẹ̀ á tẹ́jú ni. Ti inú fọ́tò yín kò tẹ́jú. Ó ní ojú ihò, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn.

Ìyá mi, ó fà á. Ó fà á, ọta kọ̀, ó tún ìbọn kẹ́, ó sì tún fà á, gbogbo ìgbà yẹn ẹfọ̀n ń bọ̀. Ọ̀gá mi ní àwọn ògbóǹtarìgì ọdẹ kan wà tí òun mọ̀ tí ì bá ti ju ìbọn sílẹ̀ lẹ́yìn èkíní. Ọta yẹn ti dàgbà ju èmi lọ. Ọ̀rinrin ti wọ inú rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, ó ti kú kí wọ́n tó gbé e wọ igbó. Ìbọn kọ̀ lóòótọ́. Òótọ́ ni Bàbá kékeré sọ fún yín.

Mo mọ̀ pé ó dùn yín. Ó dùn mí náà, mi ò sí níbẹ̀ láti fi erùpẹ̀ bo bàbá mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bínú sí ẹfọ̀n, ká jẹ́ kí Bàbá kékeré sinmi.

Akóredé.


Mowe,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹwàá, 2024.

Ìwọ Akóredé,

Ó fà á. O gbọ́ lẹ́nu ara rẹ? Ta ló sọ fún ọ pé inú àbàtà ló ti fà á? Ṣé kò lè wọ yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, kó ti ilẹ̀kùn, kó fà á kí ó lè ní ohun tó máa fi han àwọn aláìmọ̀kan bíi tìrẹ? Kí ló dé tó fi tọ́jú ọta tó kọ̀ sínú agolo? Kí ló ń tọ́jú ẹ̀rí fún, bí kì í bá ṣe pé ó mọ̀ pé a máa bi òun?

O ti di ọmọ Ògúnlàdé. Ó dáa. Èmi tí mo gbé ọ pọ̀n, tí mo ń ru páànù láti Mowe lọ sí Arepo pẹ̀lú oyún Gbémiga nínú, mo ti di ìyá ẹlòmíì. Ọkọ mi wà nínú ilẹ̀, ọmọ mi wà nínú oko òyìnbó ó ń ṣe lọ́yà fún ẹni tó jẹ́ kó kú. Àràárọ̀ ni Ògúnlàdé ń sọ fún mi pé, "Ìyá Akóredé, ẹ jí ire bí?" Àràárọ̀ ni mo sì ń dáhùn. O ò mọ ohun tí ìdáhùn yẹn ń ná mi.

Jẹ́ kí n wá sọ òpin ọ̀rọ̀ fún ọ. Mo ń ta oògùn eku ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bí Ọmọ́níkẹ́ bá lọ sí ọjà Owódé Ẹ̀gbá, èmi ló ń ní kí n bá òun bu oúnjẹ fún ọkọ òun. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹfọ̀n ló pa á, torí ohun tó yẹ ẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ̀ fún mi, mi ò ní kọ̀ fún ara mi. Mo fi sàréè bàbá rẹ búra.

Mi ò ní kọ̀wé sí ọ mọ́ àfi kí o kọ èyí tí mo fẹ́ kà.


Limpopo,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejìlá, 2024.

Ìyá mi,

Mo kí yín. Mo mọ̀ pé mo pẹ́. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò mọ ohun tí mo máa kọ ni.

Mo ti gbà. Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é. Ọta mẹ́rin ni, wọ́n wà nínú ẹrù ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun. Kò sí ìyàtọ̀ tí ojú lè rí. Bàbá kékeré ò ní mọ̀, kò sì sí ọdẹ kan ní gbogbo Ọ̀fàdà tó máa mọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé mẹ́rin péré ni, kí wọ́n má fi dánra wò, kí wọ́n tọ́jú gbogbo rẹ̀ de ẹfọ̀n.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti ṣe èyí, ẹ kó oògùn eku yẹn kúrò nílé. Ẹ má fọwọ́ kan oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣèlérí fún mi.

Akóredé.


Mowe,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, 2025.

Akóredé ọmọ mi, ọmọ Lásúnkànmí, ọmọ tí mo bí tí kò já mi kulẹ̀!

Ṣé o ń jẹun dáadáa? Jẹun o. Wọ súẹ́tà rẹ. Màmá rẹ ń kí ọ, inú màmá rẹ dùn. Ọta ti dé. Mo kọ́kọ́ tú u wò nínú yàrá mi kí n tó fún un. Áà, ó rẹwà! Ó dán bí òrùka ìyàwó. Mo gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó tutù, ó wúwo ju ìṣó páànù lọ fíìfíì. Mo mì í létí bóyá màá gbọ́ ohunkóhun nínú rẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. O mọ iṣẹ́ rẹ.

Mo wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọkọ mi Ògúnlàdé. O ò rí i! Ó dojú bolẹ̀ sí àgbàlá, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó ń ṣàdúà fún ọ. Ó ní Ọlọ́run á fi àwọn ọmọ tó ṣe bíi tìrẹ ta ọ́ lọ́rẹ. Mo ń ṣe àmín. Mo ṣe é sókè débi pé Ọmọ́níkẹ́ yọjú. Ó wá ń sọ fún gbogbo ilé pé, "Ẹ wá wo ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ wá wò ó o!" Mo kàn ń wò ó ni. Mo ń wo ikùn rẹ̀, mo ń wò ó pé ibí ni ìwo náà máa gbà wọlé, ibí ló máa gbà jáde. Ọlọ́run ń rí mi. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn tí mi ò jí.

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀, ni wọ́n dá. Àbàtà ti gbẹ, ẹran náà ò sì kúrò níbẹ̀. Mo ti kó oògùn eku padà sí ṣọ́ọ̀bù bí o ṣe ní. Mi ò nílò rẹ̀ mọ́.

Ìyá rẹ tòótọ́,
Wúlẹ̀mọ̀tù.


Mowe,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì, 2025.

Akóredé, Akóredé,

Mo ti pè ọ́ títí, obìnrin inú fóònù yẹn kàn ń sọ òyìnbó sí mi létí. Mi ò bìkítà mọ́ bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́. Bí o bá rí èyí, pè mí!

Gbémiga ni wọ́n máa gbé ìbọn náà fún.

Ọ̀sán yìí ni àwọn àgbà ọdẹ pe ẹbí jọ. Wọ́n ní nínú ilé yìí, bí ẹran bá pa ọdẹ, ọmọ olóògbé tó wà nílé ló máa kọ́kọ́ yìnbọn lu ẹran náà, pẹ̀lú ìbọn bàbá rẹ̀, òun ló sì máa wà níwájú. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ yìn ṣáájú rẹ̀, bí ẹran náà tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ta ni ì bá ti sọ fún mi? Láti ayé bàbá bàbá rẹ ni ẹran kò ti pa ọdẹ kan nínú ilé yìí. Ọmọ télọ̀ ni mí láti Ìfọ́, kí ni mo mọ̀ nípa àṣà ọdẹ? Mo rò pé ẹni tó gba ọta ló máa yìn ín. Ògúnlàdé mọ̀ látọjọ́ yìí. Gbémiga ló ń wá ọta fún, kì í ṣe fún ara rẹ̀. Ó tiẹ̀ ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú léjìká!

Mo sọ fún Gbémiga pé kó má lọ, pé mo lálàá burúkú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó mi ní ṣéèmù. Àwọn bọ́ìsì mi ní Ibafo ti gbọ́. Ẹfọ̀n tó pa dádì mi, I go finish am." Mo dibọ́n bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ó ra oògùn fún mi, ó tún jáde. Ògúnlàdé ló ń pa ọta mọ́ sọ́wọ́, mi ò rí i jí.

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ ohun tí mo jẹ́. Bí mi ò bá sọ ọ́, ọmọ mi máa dúró níwájú ẹran yẹn pẹ̀lú irin lásán. Dá mi lóhùn. Akóredé, dá ìyá rẹ lóhùn.


Limpopo,
Sátidé, ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì, 2025.

Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀! Ẹ jẹ́ kó yìn ín!

A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú ni. Inú igbó la wà pẹ̀lú àwọn àlejò látọjọ́ Ajé. Mo tan fóònù, gbogbo ìpè yín wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń pè yín, kò lọ. Mo pe Gbémiga, tirẹ̀ wà ní pípa.

Mo purọ́ fún yín. Ẹ̀tù wà nínú ọta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò yọ nǹkan kan. Idẹ tó dára jù ní gbogbo ilé iṣẹ́ yìí ni mo ṣà, mo wọn ẹ̀tù rẹ̀, mo tún un wọ̀n, mo fi orí líle sí gbogbo wọn, irú èyí tó ń fọ́ egungun. Mo ṣe ìkarùn-ún mọ́ wọn, mo lọ yìn ín lórí òkè ẹ̀yìn ilé láti fi dán an wò, ó dún débi pé àwọn ajá sá. Mo ṣe é bí ẹni pé èmi gan-an ló máa dúró níwájú ẹfọ̀n náà.

Ẹ dárí jì mí. Nígbà tí ẹ dárúkọ oògùn eku, mo mọ̀ pé bí mo bá kọ̀, ẹ máa ṣe é. Mo ní kí n kúkú sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Mo rò pé bí ìbọn bá dún lọ́wọ́ Bàbá kékeré, tí ẹ rí òkú ẹran náà nílẹ̀, ọkàn yín á rọ̀, ẹ ó wá gbà pé òótọ́ ló sọ.

Ó ṣeé ṣe kí Gbémiga ti wálé báyìí, kó máa fọ́nnu. Ẹ má sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi kí Bàbá kékeré. Ẹ ní ọta náà, pẹ̀lú ìfẹ́ ni mo fi ṣe é.

Akóredé yín.


Mowe,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì, 2025.

Akóredé,

Gbémiga wà láàyè, kò fara pa. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Bàbá kékeré rẹ ló kú. A ti sin ín kí n tó ṣí ìwé rẹ.

Mo dúró de ìpè rẹ títí ilẹ̀ Sátidé fi mọ́. Nígbà tí àwọn ọdẹ tò jáde, mo sáré tẹ̀lé wọn dé ẹnu àbàtà láìwọ bàtà. Mo fa Ògúnlàdé sẹ́yìn ọ̀pẹ kan, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ gba ìbọn yẹn lọ́wọ́ ọmọ mi. Òkú ọta ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ni mo ṣe é fún." Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti ṣe tán kó gbá mi létí, kó pariwo. Kò ṣe ìkankan. Ó kàn bi mí pé, "Akóredé mọ̀ sí i?"

Mo ní o mọ̀. Mo ní ìwọ lo yọ ẹ̀tù.

Akóredé, ìyẹn ló dùn ún. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ pé mo mọ̀." Ó tún ní, "Mo fà á o, Ìyá Akóredé. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì." Mi ò sọ fún un rí pé o ti rí ojú méjì náà.

Ó gba ráífù lọ́wọ́ Gbémiga, ó kó ọta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, ó dì wọ́n sí etí ìborùn mi níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Ó sọ fún àwọn ọdẹ pé ráífù náà ò dá òun lójú, pé òun ni bàbá ọmọ náà báyìí, òun lòun máa yìn dípò rẹ̀. Ó gbé ṣakabùlà bàbá rẹ. Gbémiga ń pariwo, ó ń sunkún pé wọ́n dójú ti òun. Ògúnlàdé tì í sí mi lára, ó ní, "Di ìyá ẹ mú."

A gbọ́ ìró ìbọn kan. Mo ń retí èkejì, èmi tí mo di ọta èkejì mọ́ ìborùn.

Ẹfọ̀n náà fi ìwo gbé e, ó sì sá lọ pẹ̀lú ọgbẹ́, kò kú. Nígbà tí mo ka ìwé rẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bú ọ. Mo bú ọ, mo bú ara mi, mi ò tún mọ ẹni tó kù tí mo lè bú. Bí o bá ti sọ òótọ́ fún mi, ì bá wà láàyè. Bí mo bá ti pa ẹnu mi mọ́, ì bá wà láàyè. Bí mo bá ti gbà ọ́ gbọ́ nígbà tí o fi ojú ihò méjì yẹn hàn mí, a kì bá tí débẹ̀ rárá. Ohun tí mo fẹ́ ni Ọlọ́run fún mi, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe tọrọ rẹ̀. Mi ò lè jẹun.

Wọ́n ṣe fìdáù rẹ̀ lánàá. Ọmọ́níkẹ́ ò sunkún. Àwọn ọdẹ ti sọ fún un pé èmi ni mo bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, kó tó gbé ìbọn tó dáa sílẹ̀. Àràárọ̀ ló ń bi mí pé, "Ìyá Akóredé, kí lẹ sọ fún ọkọ mi?" Mo ní mo kí i pé ire ni. Ó máa ń wò mí títí. Mo mọ irú ìwò yẹn, èmi náà ti fi wo ọkọ rẹ̀ fún ọdún kan.

Àwọn àgbà ti ní Olúgbádé ọmọ Ògúnlàdé ló máa kọ́kọ́ yìn bí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn bá dé. Òwúrọ̀ yìí ni Ọmọ́níkẹ́ kúnlẹ̀ bá mi nínú yàrá, ó ní kí n bá òun kọ̀wé sí ọ, kí o tún fi ọta ránṣẹ́ fún ọmọ òun, torí kò sí ẹlòmíì tí òun fọkàn tán láyé yìí mọ́. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ó ní òun máa bá mi ya fọ́tò rẹ̀. Ó ti gbé fóònù dání, ojú rẹ̀ wà lórí ìwé. Kò mọ̀wé kà.

Wúlẹ̀mọ̀tù.